Phillies àti Eagles Nígbà Ìwọ́wé: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Mi

Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2025, fóònù mi kò sinmi. Àwọn ẹbí pè láti Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò mọ ẹgbẹ́ mìíràn ju Arsenal lọ, pè. Àwọn ọmọ ìjọ wa níhìn-ín ní Philadelphia náà ń béèrè ohun tó ṣe ohùn mi tó fi há. Èsì kan náà ni mo fún gbogbo wọn: Phillies ni, Eagles sì gbè é lẹ́yìn; àwọn méjèèjì ló pàdánù lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ìbéèrè kò tán, mo jókòó, mo kó wọn jọ, mo sì dáhùn wọn síbí ní àárín oṣù kẹwàá 2025 náà, bó ṣe rí lọ́kàn mi nígbà yẹn.

Ta ni Phillies? Ta ni Eagles?

Phillies ni ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù ìlú Philadelphia. Wọ́n ti wà láti ọdún 1883, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbà tí wọ́n ń pè ní World Series, ní 1980 àti 2008. Eagles ni ti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, tí wọ́n sì ń gbé ara wọn lulẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọdún 1933 ni wọ́n dá Eagles sílẹ̀, wọ́n sì ti gba Super Bowl, ife-ẹ̀yẹ àgbà tiwọn, lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù kejì 2018 àti oṣù kejì 2025. Pápá méjèèjì kò jìnnà síra ní gúúsù ìlú. Ẹni tó bá dúró níta Citizens Bank Park, pápá Phillies, á máa wo Lincoln Financial Field tó jẹ́ ti Eagles lọ́ọ̀ọ́kán.

Kí ló dé tó jẹ́ pé oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ni ara yín kì í balẹ̀?

Ìgbà yẹn ni eré méjèèjì máa ń pàdé. Béèsìbọ́ọ̀lù dà bí oúnjẹ òòjọ́. Láti ìparí oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án, eré 162 ni Phillies ń ṣe, díẹ̀ ló kù kó jẹ́ ojoojúmọ́. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi lónìí, ilẹ̀ ọ̀la kì í pẹ́ mọ́, wọ́n á tún wà lórí pápá. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní tirẹ̀, ọdún ni. Eré 17 péré, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láti oṣù kẹsàn-án dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní. A ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ múra, wákàtí mẹ́ta ni yóò sì fi tán.

Nígbà tí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí igi, Eagles ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nasẹ̀ ni, àmọ́ Phillies ti dé ibi tí sùúrù ti tán. Gbogbo eré 162 yẹn á wá di ìdíje kúkúrú, pé ta ni yóò kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ti fi oṣù mẹ́fà kọ́ ọkàn rẹ̀ pé ọ̀la ń bọ̀ á wá jí lọ́jọ́ kan, kò ní sí ọ̀la mọ́. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nìyẹn lọ́dọọdún, ju iye àmì lọ.

Ní 2022, ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé, ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá. Phillies ń gba Houston Astros lálejò níbí nínú World Series, Eagles sì wà ní Houston lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, wọ́n ń bá Texans ìlú ọ̀hún ṣeré. Ìlú méjì dojú kọ ara wọn lórí pápá méjì lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ojú mi ń lọ, ó ń bọ̀. Eagles borí 29 sí 17, eré kẹjọ tí wọ́n ṣe láìpàdánù nìyẹn. Phillies pàdánù 3 sí 2. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù náà, Astros ti gba ife.

Báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe bá béèsìbọ́ọ̀lù débi tí ẹ fi ń sunkún lé e?

Iṣẹ́ ló mú mi débẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Philadelphia, títọ́jú àwọn àgbàlagbà nílé wọn ni mo ń ṣe. Bàbá kan wà tí mo máa ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́. Ojú bàbá ti ń ṣú, kò rí tẹlifíṣọ̀n wò mọ́, rédíò ló kù fún un. Harry Kalas wà lára àwọn tó ń ṣàlàyé eré Phillies lórí rédíò nígbà náà, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í kánjú. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó ń sọ. Bàbá á ní kí n jókòó, á fi ìka ya pápá sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì: ibí ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù dúró sí, ibí ni ẹni tó di igi mú dúró sí, ibí ló ń sá lọ. Orí bùláńkẹ́ẹ̀tì bàbá yẹn ni mo ti kọ́ béèsìbọ́ọ̀lù.

Ní oṣù kẹwàá 2008, Phillies wọ World Series pẹ̀lú Tampa Bay Rays. Ní ọjọ́ 27, eré karùn-ún ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ta ọ̀mì 2 sí 2, ni òjò bá rọ̀ títí wọ́n fi dá eré dúró. Ọjọ́ 29 ni wọ́n tó padà wá parí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì yẹn, bàbá kò sùn dáadáa. Ọdún 25 ni ìlú yìí ti lò láìgba ife-ẹ̀yẹ ńlá kankan, láti ìgbà tí 76ers ti gba ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní 1983. Nígbà tí Brad Lidge ju bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn, tí Phillies borí 4 sí 3, bàbá di ọwọ́ mi mú gírígírí, kò lè sọ̀rọ̀. Níta, àwọn aládùúgbò ń fi ṣíbí lu ìkòkò. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti jẹ́ ti Phillies. Kalas kú ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, bàbá náà kò sì rí ìparí ọdún yẹn.

Ti Eagles, orúkọ ló fà mí wọlé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 2017, Eagles gba Jay Ajayi lọ́wọ́ Miami Dolphins. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ, mo rí AJAYI lẹ́yìn aṣọ aláwọ̀ ewé, ó gba bọ́ọ̀lù mọ́ra lọ́jọ́ tí wọ́n ń bá Denver ṣeré, ó sá 46 yáàdì títí tó fi wọlé. Mo dìde nínú pálọ̀, mo ké e: Àjàyí Ògídí Olú, oníkànga àjípọn! Ọmọ mi obìnrin tó wà ní kékeré nígbà yẹn béèrè pé kí ni mò ń sọ, ni mo bá jókòó tì í, mo kọ́ ọ ní oríkì Àjàyí. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù kejì 2018, Eagles borí New England Patriots 41 sí 33, Super Bowl wọn àkọ́kọ́ nìyẹn. Nelson Agholor, tí wọ́n bí ní Èkó, gba bọ́ọ̀lù mú lẹ́ẹ̀mẹsàn-án lọ́jọ́ náà. Mi ò lè padà lẹ́yìn wọn mọ́.

Ẹ ṣàlàyé béèsìbọ́ọ̀lù fún ẹni tí kò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá lọ.

Ẹgbẹ́ kan ń ju bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ kejì ń fi igi gbá a. Ẹni tó bá gbá a á sá yí ibùdó mẹ́rin ká, bó bá padà dé ibi tó ti gbéra láìjẹ́ pé wọ́n mú un, àmì kan nìyẹn. Bí wọ́n bá ti lé ẹni mẹ́ta jáde, wọ́n á pààrọ̀ ipò. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ti gbá tiwọn, inning kan ti parí, mẹ́sàn-án ló sì wà. Bí ẹnì kan bá gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá, home run ni wọ́n ń pè é, kò sẹ́ni tó máa dá a lọ́nà, á rìn yí ibùdó ká ni. Kyle Schwarber ti Phillies gbá 56 irú rẹ̀ ní sáà 2025. Mẹ́rin nínú rẹ̀ wáyé nínú eré kan ṣoṣo, lọ́jọ́ 28 oṣù kẹjọ, níwájú Atlanta Braves.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ kíyè sí ni pé eré náà kò ní àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, ẹgbẹ́ tó bá ti ṣíwájú lè máa ti bọ́ọ̀lù kiri kí àkókò fi tán. Kò sí ìyẹn nínú béèsìbọ́ọ̀lù. Ẹni tó ṣíwájú gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù sí ọ̀tá rẹ̀ títí dé ẹni ìkẹyìn. Bí wọ́n bá sì ta ọ̀mì lẹ́yìn inning mẹ́sàn-án, wọ́n á máa bá a lọ títí ẹnì kan á fi borí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an lálẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá 2025?

Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn wá. Phillies ti ṣe dáadáa jálẹ̀ sáà. Eré 96 ni wọ́n borí, wọ́n sì gba ipò kìíní ní ẹ̀ka wọn. Ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n fi ìdí ìyẹn múlẹ̀, ní Los Angeles, níwájú Dodgers fúnra wọn, 6 sí 5. Mo rántí bí wọ́n ṣe ń da ọtí lé ara wọn lórí. Kò tíì pé oṣù kan tí Dodgers yẹn kan náà fi dé sílé wa nínú ìdíje ẹni-kọ́kọ́-borí-lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n borí wa 5 sí 3, wọ́n tún borí wa 4 sí 3, lójú àwa èrò tá a kún pápá. A tẹ̀ lé wọn dé Los Angeles. Schwarber gbá home run méjì lọ́jọ́ 8, a borí 8 sí 2. Ìrètí jí. Ó ku eré kẹrin.

Eré náà bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ níhìn-ín. Cristopher Sánchez ju bọ́ọ̀lù fún wa bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ní inning keje, Nick Castellanos gbá bọ́ọ̀lù kan gba ẹ̀gbẹ́ òsì, Max Kepler sá wọlé, a ṣíwájú 1 sí 0. Kí inning náà tó parí, Dodgers kún gbogbo ibùdó. Jhoan Duran, ọkùnrin tá a gbà láti Minnesota ní ìparí oṣù keje nítorí irú àkókò yẹn gan-an, ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin tó ṣìnà sí Mookie Betts, èyí tó fún un ní ibùdó kìíní lọ́fẹ̀ẹ́, àmì kan sì wọlé. Ọ̀mì. Lẹ́yìn ìyẹn, Roki Sasaki, ọmọ Japan, dúró fún Dodgers fún inning mẹ́ta gbáko, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tiwa fẹsẹ̀ kan ibùdó kankan.

Láàárín èyí ni Eagles ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní New Jersey, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 15, pẹ̀lú New York Giants. Mo tún gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣe ní 2022.

Inning kọkànlá. Dodgers ti kún ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ẹni méjì ti jáde, ó ku ẹyọ ẹnì kan. Orion Kerkering, ọmọ ọdún 24, ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wa. Andy Pages gbá bọ́ọ̀lù kan tí kò lágbára rárá, ó yí padà sọ́dọ̀ Kerkering. Bọ́ọ̀lù náà ta sí i lẹ́sẹ̀. Ó mú un. J.T. Realmuto, ẹni tiwa tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ń gbá a, nawọ́ sí ibùdó kìíní, níbi tí àyè púpọ̀ ti wà. Kerkering kò jù ú síbẹ̀. Ó jù ú sọ́dọ̀ Realmuto, bọ́ọ̀lù sì fò ré e kọjá. Hyeseong Kim wọlé. 2 sí 1. Sáà tán.

Mo jókòó. Ìyàwó mi pa ohùn tẹlifíṣọ̀n. Fóònù ṣì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Giants sì ń gun orí Eagles. Wọ́n na àwọn náà, 34 sí 17.

Ṣé Kerkering ló fà á?

Rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn dáadáa jù, torí pé mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì, ó sì dùn mí.

Àṣìṣe ni, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Bó bá ju bọ́ọ̀lù yẹn sí ibùdó kìíní, eré ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣíwájú rẹ̀. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa ní ipò àkọ́kọ́, Trea Turner, Schwarber àti Bryce Harper, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan nínú eré méjì àkọ́kọ́ nílé. Lálẹ́ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ náà, àmì kan péré ni gbogbo ẹgbẹ́ rí nínú inning mọ́kànlá. Zack Wheeler, ẹni tó jù bọ́ọ̀lù dáadáa jù nínú wọn, ti kúrò láti oṣù kẹjọ nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan rẹ̀, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ilé tí ọ̀pọ̀ òpó rẹ̀ ti yẹ̀, ẹ kò lè ní ọmọdé tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ló wó o.

Lẹ́yìn eré, Kerkering tẹrí ba, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Rob Thomson tó jẹ́ máníjà nígbà náà lọ bá a, ó di èjìká rẹ̀ mú, Castellanos náà sì sún mọ́ ọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wò ó, omi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe nítorí eré mọ́.

Wọ́n mọ èèyàn Philadelphia káàkiri Amẹ́ríkà pé a máa ń hó lé àwọn tiwa lórí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Turner. Ní 2023, owó ńlá ni wọ́n fi gbà á, kò sì rí bọ́ọ̀lù gbá. Ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, nígbà tó jáde wá síwájú wa, gbogbo pápá dìde, a pàtẹ́wọ́ fún un. A ò pàtẹ́wọ́ nítorí ohun tó ṣe, nítorí pé kò tíì ṣe nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn ló ti yí padà. Òun fúnra rẹ̀ san owó, ó gbé pátákó ìpolówó sí ẹ̀gbẹ́ títì láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlú. Ní 2025, Turner yẹn ló gba ipò kìíní nínú gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní National League, ìdajì àwọn ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù tí Phillies wà. Mo fẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún Kerkering lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ jáde ní 2026, kó tó ju bọ́ọ̀lù kankan.

Máníjà ńkọ́?

Ibẹ̀ ni mo ti ní ẹ̀sùn. Nínú eré kejì, inning kẹsàn-án, a ti wà lẹ́yìn 4 sí 1. Castellanos gbá bọ́ọ̀lù, èèyàn méjì wọlé, ó di 4 sí 3, òun fúnra rẹ̀ sì wà ní ibùdó kejì. Wọn ò tíì lé ẹnikẹ́ni jáde. Ariwo pápá yẹn, mo ń gbọ́ ọ títí di òní. Thomson ní kí Bryson Stott rọra fi igi kan bọ́ọ̀lù, kí Castellanos lè sún dé ibùdó kẹta. Dodgers ti mọ̀. Max Muncy sá wá síwájú, ó gbé bọ́ọ̀lù, ó jù ú sí Betts tó ti dé ibùdó kẹta ṣáájú, wọ́n mú Castellanos. A ò rí àmì kan mọ́.

Ká ní èmi ni, mi ò ní rán Stott ní iṣẹ́ yẹn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ní ń bẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀, Dodgers ni ẹ̀rù ń bà nígbà yẹn, àwa kọ́. Síbẹ̀, mi ò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n lé Thomson lẹ́yìn sáà 2025. Ní oṣù kẹfà 2022 ló gba ẹgbẹ́ yìí nígbà tí nǹkan ti ń dojú rú, ó sì gbé wọn dé World Series lọ́dún náà. Iye eré tí wọ́n borí ń gòkè lọ́dọọdún: 87, 90, 95, 96. Ibi tí wọ́n ń dé nínú oṣù kẹwàá ló ń wálẹ̀. Ní 2023, ìgbẹ́sẹ̀ kan péré ló kù kí wọ́n padà sí World Series, Arizona dá wọn dúró. Ní 2024, Mets ti lé wọn jáde kí wọ́n tó dé ìpele yẹn, Dodgers sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2025. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n wá.

Eagles ńkọ́? Ṣé wọ́n ti bàjẹ́ ni?

Wọn ò bàjẹ́. Ara wọn kò yá ni. Eré mẹ́rin àkọ́kọ́ ni wọ́n borí: Dallas, Kansas City, Rams, Tampa Bay. Ti Rams, lọ́jọ́ 21 oṣù kẹsàn-án, kò ní kúrò lọ́kàn mi. A wà lẹ́yìn 26 sí 7, a tún un ṣe títí ó fi di 27 sí 26. Ìṣẹ́jú àáyá ló kù, Rams fẹ́ fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé kí wọ́n fi borí, ni Jordan Davis, ọkùnrin títóbi yẹn, bá na ọwọ́ dí i. Ó gbé bọ́ọ̀lù náà, ó sì ń sá. Odidi 61 yáàdì ni ara ńlá yẹn fi sáré dé òpin pápá. Inú pálọ̀ wa kò gbà wá.

Ìṣòro dé ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá. Nílé wa, a ṣíwájú Denver 17 sí 3 wọ ìdá kẹrin eré, wọ́n sì fi 21 sí 17 borí wa. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni Giants tún nà wá. Saquon Barkley, tó sá 2,005 yáàdì ní sáà 2024, kò ráyè sá mọ́, torí pé àwọn tó ń la ọ̀nà fún un ń ṣàárẹ̀. Kellen Moore tó ń ṣètò bí wọ́n ṣe ń kọlu ọ̀tá ti di olórí kóòṣì ní New Orleans, Kevin Patullo ló gba ipò rẹ̀ ní sáà 2025, gbogbo ìlú sì ti dojú ìbínú kọ ọ́. Èmi rò pé ó yẹ kí wọ́n fún un láyè díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó yẹ kó máa jẹ́ kí bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ A.J. Brown, ọ̀gá nínú àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù mú fún wọn.

Ohun tó ń tù mí nínú ni pé nígbà ìwọ́wé 2024, eré méjì ni wọ́n borí nínú mẹ́rin àkọ́kọ́. Ìlú gbóná. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyọ eré kan ni wọ́n tún pàdánù títí wọ́n fi na Kansas City 40 sí 22 nínú Super Bowl. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni 2023, nígbà tí wọ́n borí mẹ́wàá nínú mọ́kànlá àkọ́kọ́, tí gbogbo rẹ̀ sì wó lulẹ̀ kí ọdún tó yí.

Kí ni tush push tí wọ́n ń bá Eagles jà lé lórí?

Bí bọ́ọ̀lù bá ku yáàdì kan kó dé ibi tí wọ́n ń lé, Jalen Hurts, ẹni tó ń darí eré Eagles lórí pápá, á gbà á, á tẹ̀ síwájú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì fi ọwọ́ àti èjìká tì í láti ẹ̀yìn bí ìgbà tí èrò bá ń ti dáńfó tó kú sójú títì. Kò sí ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe tó tiwa. Ní oṣù karùn-ún 2025, àwọn onílé ẹgbẹ́ dìbò láti fòfin dè é. Ìbò 24 ni wọ́n nílò, 22 ni wọ́n rí. Mo gbà pé kí wọ́n jẹ́ kó wà. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró.

Ṣé ọmọ Yorùbá wà nínú Eagles ní sáà 2025?

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ní oṣù kẹta 2025, Eagles gba Azeez Ojulari wọlé láti ọ̀dọ̀ Giants. Bàbá àgbà rẹ̀ ni Twins Seven-Seven, ayàwòrán Òṣogbo tí òkìkí rẹ̀ kan gbogbo ayé, tó kú ní 2011. Twins Seven-Seven sì ti gbé Philadelphia yìí rí fún ọdún pípẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá ń wọ aṣọ Eagles nínú ìlú tí bàbá àgbà ti jẹun, tó ti ya àwòrán. Nígbà tí mo gbọ́, mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Òṣogbo lóru, mi ò lè dúró dilẹ̀ mọ́. Moro Ojomo náà wà níbẹ̀, ó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun ní 2023, ìsọ̀rí keje, tó kẹ́yìn pátápátá, ni wọ́n ti mú un, ó sì ti di ẹni tí wọ́n gbára lé.

Aago mélòó ni eré wọn ní Nàìjíríà?

Nígbà ìwọ́wé, wákàtí márùn-ún la fi wà lẹ́yìn yín. Eré Eagles ti aago kan ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ yín. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 15 lálẹ́, ó ti kọjá aago kan òru. Lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá tí wọ́n bá yí aago padà níhìn-ín, ó di wákàtí mẹ́fà.

Bí mo bá wá kí yín, ṣé mo lè rí wọn lójúkojú?

Ẹ wá ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Broad Street Line, ẹ jókòó títí dé ibi tó pin sí ní gúúsù, NRG Station, ẹ ó rí pápá lọ́tùn-ún lósì. Tíkẹ́ẹ̀tì Phillies kò wọ́n tó ti Eagles, nítorí pé eré wọn pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo Phillies lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí wàhálà, kí ẹ jókòó, kí ẹ jẹun, kí ẹ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ àmàlà kí ẹ tó lọ, ẹ gba Woodland Avenue ní Southwest Philadelphia kọjá, àdúgbò àwa ará Áfíríkà nìyẹn.

Lẹ́yìn tí Phillies ti parí sáà 2025, kí lẹ ó máa wò?

Eagles ń lọ sí Minnesota ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá 2025. Mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́ fún ọjọ́ Àìkú náà. Ti Phillies, ìwé àdéhùn Schwarber, Realmuto àti Ranger Suárez ló parí lẹ́ẹ̀kan náà ní ìparí sáà 2025, ara mi kò sì ní balẹ̀ títí mo fi máa mọ̀ bóyá Schwarber ń padà wá. Ó gbọ́dọ̀ padà wá. Ní oṣù kejì 2026 wọ́n á kó jọ ní Clearwater, ní Florida, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í na ara. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá dé sílé, èmi àti ọmọ mi obìnrin á wà ní pápá, lápá ibi tí àwọn ajubọ́ọ̀lù ti ń gbaradì, kí a lè dìde nígbà tí Kerkering bá jáde. Mo ti sọ fún un. Ó ní òtútù ṣì máa ń mú níbẹ̀ nígbà yẹn, pé kí n má gbàgbé kóòtù mi.